Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Yọ Kì Í Di Ọkọ̀ Mú

Igba dọ́là ó lé ọgọ́rin ni mò ń ta táyà wíńtà mẹ́rin, àlòkù tí eyín rẹ̀ ṣì mú dáadáa. Ẹ má wò mí bí ẹni pé mo tọwọ́ bọ̀ yín lápò. Tí owó bá ń dùn yín, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rín bọ́ yín láṣọ, kí wọ́n sì tún bi yín bóyá ẹ máa ra lọ́fínńdà tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú mọ́tò. Ẹ jókòó. Ẹni tó máa bá yín dè é ti lọ kírun Àílà, ó ń bọ̀. Gáréèjì mi ní hítà, ẹnu mi ò sì tíì di.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Springdale àti Ajax ní Kánádà níbí, ẹ rò pé abẹ́ mọ́tò ni Ọlọ́hun dá táyà sí. Rọ́bà inú táyà tí èmi kọ́kọ́ fojú rí láyé mi, orí omi ló wà, ọmọ tíṣà ló jókòó sínú rẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kọlà fún. Ìlú òkè ni wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ wá kọ́ wa níwèé, ọmọ náà kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ni bàbá bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ́bà, ó fi ọmọ sí i láàárín. Gbogbo wa tí kò ju orúnkún àgbà lọ la yí i ká nínú omi, à ń wò ó bí ẹni wo eré. A kò tíì rí èèyàn tó ń bẹ̀rù omi rí. Àfi bí ìgbà tí ẹ bá rí ẹni tó ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́.

Mo mọ̀ pé fọ́tò tó wà lókè hítà yẹn lẹ̀ ń wò. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń wò ó. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí bóyá oògùn ẹ̀yìn dídùn ni mò ń polówó, nítorí kò rí ibi tí arúgbó dúdú ti ń wọ fìlà rọ́bà rí. Àbúrò mi ni. Lásísì lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ohun tó gbé kọ́rùn yẹn, wúrà ni, tàbí ohun tí òyìnbó ń pè ní wúrà; mo ti fi eyín wò ó, mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Nínú gbogbo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn láti kékeré, tí wọ́n ní kóòṣì, tí wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n, kò sí èyí tó mú un. Ṣùgbọ́n kó tó gba nǹkan yìí, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ nù, níbi tó jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ìdí tó fi sọ ọ́ nù ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìlú wa ló ti gbé ìdí náà wá, ìlú wa kò sì sí mọ́.

Orí-Ọ̀sà ni wọ́n ń pè é, lójú ọ̀sà Èkó. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Orí òpó igi la kọ́ ilé lé, orí òpó ni mọ́sáláṣí wà, orí òpó náà ni ilé ìwé wà, ibi tí mo ti bẹ́ sómi lọ́jọ́ kan tí mi ò sì padà síbẹ̀ títí dòní. Tí o bá fẹ́ bá aládùúgbò rẹ jà, o ní láti kọ́kọ́ tú ọkọ̀; kí o tó tú u, kí o tó wà á débẹ̀, inú rẹ ti rọ̀, o ti di ẹni tó wá kí wọn. Lónìí, ẹ lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ fi fóònù bá gbogbo ẹbí jà kí omi tó hó nínú kẹ́tù.

Bí ọmọ bá ti ń rá, ìyá rẹ̀ á so okùn mọ́ ọn nídìí, á so orí okùn kejì mọ́ òpó. Lẹ́yìn náà, á máa ya ẹja lọ ní tirẹ̀. Ẹ máa gbọ́ “jàbú”, okùn á na, ìyá á fi ọwọ́ kan fà á láì wo ẹ̀yìn, ọmọ á gòkè wá, á máa pọ omi lẹ́nu, á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá yá, okùn ò ní na mọ́. Ìyá á wá tú u. Ìwé ẹ̀rí tiwa nìyẹn. Àwọn ọmọ yín níbí, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń sanwó, kóòṣì á fún wọn ní káàdì aláràbarà pé wọ́n fi ojú kan omi.

Títí di òní, tí hítà yìí bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ àwọn ohùn kan. Ọ̀pá ọkọ̀ tó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Omi tó ń lá òpó abẹ́ ilé bí ewúrẹ́ tó rí iyọ̀. Ohùn ládàánì ní Asúbà, tó máa gba ojú omi lọ láìsí ẹ̀rọ kankan, táwọn tó ń dẹ àwọ̀n lọ́nà jíjìn á sì dáhùn láti inú ọkọ̀ wọn. Ajax ní ohùn tirẹ̀, mi ò purọ́: mọ́tò tó ń kó yìnyín, àti ọkọ̀ ojú irin tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan níbí tó mọ orúkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbò fún yín kí n má baà gbàgbé. Ìlú tí kò ní ilẹ̀, ibo ni àgbò Iléyá máa gbà wọ̀ ọ́? Ọkọ̀ ni. Lọ́dún kan, àgbò Àfáà àgbà rí ọmọge kan tó ń fọ aṣọ aláwọ̀ pupa, bóyá ó rò pé àgbò ẹgbẹ́ òun ni, ó fò sókè, ọkọ̀ dojú dé. Àfáà wà nínú omi, láwàní wà nínú omi, àgbò ń lọ sí ọ̀nà òkun pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Sùlé ló fò sí i. Ó mú ìwo àgbò, ó fà á padà bí ẹni fa ọmọ oníjàgídíjàgan lọ sílé ìwé. Gbogbo ìlú ti jáde sí ojú ilé, à ń rẹ́rìn-ín, a ò lè dìde. Ẹnì kan bi Àfáà bóyá àgbò tó ti mu omi tó báyìí ṣì ṣeé fi ṣe Iléyá. Àfáà fi ọwọ́ fún irùngbọ̀n, ó ní, “Àgbò wẹ̀ kó tó wá. Èwo nínú yín ló ti wẹ̀?”

Sùlé yẹn, ẹ̀gbọ́n wa ni, àkọ́bí ìyá wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, Lásísì ló kẹ́yìn. Ẹ má bínú pé mò ń pè é bí ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tó wà nígbà tó fi wá sílẹ̀, ọmọ ọmọ mi ni lónìí.

Ẹja ni wọ́n fi mọ Orí-Ọ̀sà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé alájà, yanrìn ló dọjà. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n ti ń wà á. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ kan. Ọlọ́kọ̀ á dúró lókè, á di okùn korobá mú. Àwọn méjì á gba orí àkàsọ̀ gígùn sọ̀kalẹ̀, àkàsọ̀ tí wọ́n so mọ́ etí ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òkùnkùn biribiri ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran níbẹ̀. Wọ́n á bu yanrìn kún korobá, wọ́n á ja okùn, ọlọ́kọ̀ á fà á, àwọn náà á gun àkàsọ̀ wá mí sínú. Sùlé àti Lásísì ló ń jùmọ̀ sọ̀kalẹ̀. Èmi? Mo wà ní èbúté lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mò ń bá awakọ̀ típà ná yanrìn náà lówó. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tà. Ẹni tí Ọlọ́hun fún ní ẹnu, kì í fún un ní ẹ̀dọ̀fóró.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn, òun ni mo sì ń bọ̀ wá sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ kì í di ọkọ̀ mú. Kó rẹ̀ ẹ́ títí, kí èémí rẹ̀ ku okùn tín-ínrín, á máa fi ẹsẹ̀ gún omi níbẹ̀, á kọjú sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ máa gbà yọ. Ìgbà tí orí kejì bá jáde ni àwọn méjèèjì á jọ na ọwọ́. Ìdí rẹ̀ kò le. Tí ẹnì kan bá ṣubú lu etí ọkọ̀, ọkọ̀ á fì, àkàsọ̀ á yẹ̀ kúrò, ẹni tó wà nínú òkùnkùn á na ọwọ́ wá ọ̀nà ilé, kò ní bá a níbi tó fi í sí.

Òfin iṣẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ó wọ gbogbo ìlú lára. Ọmọdé tó ń ṣeré lábẹ́ ilé kò jẹ́ di òpó mú tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ṣì wà nínú omi. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí a máa ń figagbága, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹ̀bá mọ́sáláṣí kò ní fọwọ́ kan àtẹ̀gùn. Á dúró, á yíjú padà, á dúró de ẹni tó kẹ́yìn pátápátá. Àwọn àgbà tó wà lókè lójú, wọ́n ti rí ẹni tó ṣíwájú. Lásísì ló máa ń ṣíwájú nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo tún rí i báyìí tí mo bá di ojú: ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gún omi, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi orúkọ pe àwọn tó wà lẹ́yìn, “Máa bọ̀, máa bọ̀!”

Ọdún ló ń gori ọdún. Lásísì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá síbí, ó ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ní ṣíìfù òru títí orúnkún rẹ̀ fi dìde sí i. Ìyàwó rẹ̀ kú. Dókítà ní kó máa lọ gún omi nínú púùlù ìlú, pé omi kì í ni orúnkún lára. Bí ó ti ṣe dé inú omi padà nìyẹn, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tó ti fi omi sílẹ̀. Ojú tó ti rí ọ̀sà, púùlù Ajax kì í ṣe nǹkan tó máa bà á lẹ́rù. Kóòṣì kan, obìnrin òyìnbó tó ga bí òpó iná, dúró sí ẹ̀bá omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wò ó lọ, ó ń wò ó bọ̀, kọfí rẹ̀ tutù sọ́wọ́. Ó bi í pé ibo ló ti kọ́ irú ẹ̀. Lásísì ní, “Ilé.”

Ìjà wà lórí aṣọ. Àwọn pátá ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, ìwọ̀n tí ẹ máa fi nu awò ojú ni. Lásísì ní òun kì í ṣí itan lójú ayé lẹ́yìn tí òun ti ṣe Hajj. Àmínà, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ló wá èyí tó bo orúnkún jáde fún un. Kóòṣì ní aṣọ yẹn á fa omi, á dá a dúró. Mo ní kó jẹ́ kó dá a dúró díẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó sùn.

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó máa dá a dúró.

Ìdíje àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn omi ńlá kan nínú Toronto ni. Àwọn arúgbó kúnbẹ̀, ọkùnrin lóbìnrin, ẹlòmíràn ti fi irin pààrọ̀ ìbàdí. Mo rò pé ilé ìtọ́jú àgbà ló jó tí wọ́n sá wá síbẹ̀. Wọ́n fun fèrè, wọ́n bẹ́ sómi. Ẹ wò ó, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó dára tó àbúrò mi nínú omi yẹn. Àwọn yòókù ń lu omi bí ẹni ń lu aṣọ lórí òkúta. Òun kò bá omi jà. Ó ń yọ́ kọjá nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ààrin ẹbí rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ìkómọ, tó ń fọwọ́ kan tibí, tó ń fọwọ́ kan tọ̀hún. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin arẹwà kan láti Brooklin, ìlú kékeré kan nítòsí Ajax níbí, tó ti gba wúrà lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọ ibi tí Lásísì gbà.

Ó dé ògiri. Ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó dúró.

Ó gbé orí sókè, ó yíjú padà, ó ń fi ẹsẹ̀ gún omi, ó ń wo àwọn tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri yẹn, kò mọ ẹni tó dé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án nìkan ló mọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Àmínà ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, “Grandpa, touch it! Touch it!” Ọkùnrin Brooklin fọwọ́ kàn án. Ẹnìkejì fọwọ́ kàn án, ẹnìkẹta. Ọmọ tó ń ṣọ́ omi ti ń bọ́ bàtà, ó rò pé àyà ló ń dun bàbá. Ìgbà tí orí ẹni tó kẹ́yìn pátápátá dé, tí òun náà fọwọ́ kan ògiri, ni Lásísì na ọwọ́ tirẹ̀.

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo orúkọ. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín ló máa ń yọ lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú rẹ̀. Mo ti rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan rí.

Nílé ni, ní ìdí òpó iná onírin gàgàrà kan, ọ̀kan lára àwọn tó gba àárín ọ̀sà kọjá. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Wọ́n ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ kírun. Lásísì yọ. Sùlé kò yọ. Yanrìn ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún a máa dá ihò, ihò a sì máa wó. Nígbà tí ìròyìn fi bá mi ní èbúté tí mo sì fi dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti pé sójú omi bí ẹja tó rí oúnjẹ. Àwọn ọkùnrin ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọwọ́ òfo. Láàárín gbogbo wọn, Lásísì wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ gún omi, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ètè rẹ̀ ti funfun. Wọ́n na ọ̀pá sí i, kò gbà á. Ọlọ́kọ̀ ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, “Lásísì, jọ̀ọ́, di ọkọ̀ mú.” Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Sùlé ò tíì yọ.” Oòrùn wọ̀, ohun tó ń sọ náà nìyẹn. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi agbára gbé e sínú ọkọ̀, ó sì bu ọ̀kan nínú wọn jẹ lápá. Kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọkọ̀ mú.

A kò rí Sùlé. Àfáà kírun sí i lára láìsí òkú nílẹ̀. Lásísì kò wọ omi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tó wá jókòó síbí lẹ́yìn ìdíje, lórí táyà tí ẹ jókòó lé yẹn gan-an, mo mọ ohun tí mò ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èmi, ẹ̀fẹ̀ ni mo fi wọlé.

“Lásísì, ọkùnrin Brooklin yẹn, ṣé àna rẹ ni, tí o fi ń dúró dè é?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n simi.”

“Mi ò ní jẹ́ kí o simi. Kóòṣì ní eré kan ló kù, ti gbogbo Kánádà. Ó ní tí o bá tún dúró, òun ò ní forúkọ rẹ sílẹ̀ fún nǹkan kan mọ́ láé. O ti lé ní àádọ́rin. Ìgbà wo lo tún fẹ́ borí, ní àlùjánnà?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

“Ìsàlẹ̀ omi wọn yẹn, táìlì funfun ni,” mo ní. “Mo rí i láti orí àga. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ síbẹ̀, èmi tí mi ò ríran yìí á rí i. Ta ló máa há síbẹ̀?”

“Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Orí mi mọ̀. Ẹsẹ̀ mi gan-an ti gbà. Ọwọ́ ni kò gbà.”

“Sọ fún ọwọ́ pé èmi ni mo ní kó gbà.”

Ó wá gbé ojú sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò wa yanrìn rí. Títà lẹ̀ ń tà á.”

Mo dìde, mo lọ tún táyà tí mo ti tò tẹ́lẹ̀ tò.

Ó ku díẹ̀ kí ìdíje kejì tó dé, ọmọ àbúrò bàbá wa kan ní Èkó fi fídíò ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní kí n wá wo Orí-Ọ̀sà. A ti gbọ́ pé wọ́n ti lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ tipẹ́, pé wọ́n ń da yanrìn sí i, ṣùgbọ́n etí ni etí ń jẹ́. Mo pe Lásísì, a jọ sún mọ́ hítà, a ń wò ó. Ilé funfun tò lọ bí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Gééti. Òdòdó. Ibi tí mọ́sáláṣí wa wà, wọ́n ti sọ ọ́ di oríta tí mọ́tò ń yí po. Òwe ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kò sí òwe tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ Èkó bí a ti ń wa yanrìn ta, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ fa yanrìn yẹn kan náà padà wá bò ó mọ́lẹ̀.

Lásísì ní, “Ẹ dá a dúró níbẹ̀.”

Mo dá a dúró. Òpó iná onírin gàgàrà yẹn ni. Ó ṣì wà. Orí ilẹ̀ ló dúró sí. Koríko yí i ká, ẹnì kan sì ti gbé mọ́tò sí ìdí rẹ̀, mọ́tò ńlá aláwọ̀ dúdú. Mo fẹ́ ṣàwàdà nípa táyà rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ti gbẹ.”

“Ó ti gbẹ.”

Ó fi ìka kan ojú fóònù náà, bí ẹni fọwọ́ kan ojú ọmọ tó ń sùn. “Tí Bọ̀ọ̀dá Sùlé bá fẹ́ yọ báyìí, ibo ni wọ́n máa gbà?”

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ní èsì, ẹ sọ ọ́.

Ọjọ́ ìdíje ti gbogbo Kánádà pé. Àmínà ló wà wá lọ, ó ń fọwọ́ lu ìtọ́kọ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Kóòṣì di èjìká Lásísì mú, ó fi sílẹ̀. Ọkùnrin Brooklin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé ojú ń tì í fún èyí tó gbà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fun fèrè.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo wò ó dáadáa. Mo wò ó nígbà tó ń lọ. Nígbà tó ń bọ̀ mo di ojú, etí ni mo fi wò ó. Mo gbọ́ tí gbọ̀ngàn ń ru, mo gbọ́ tí ó dákẹ́ lójijì, mo sì mọ̀ pé ó ti dé ibẹ̀, pé ó ti dúró. Mo la ojú. Ó wà níbẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ògiri. Ṣùgbọ́n kò wo ẹ̀yìn. Kò wo ọkùnrin Brooklin tó ń bọ̀ kíkankíkan. Ó dorí kodò, ó ń wo ìsàlẹ̀, sí táìlì funfun yẹn, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́.

Orúkọ rẹ̀ yọ lókè pátápátá. Àmínà dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi léegun. Àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ wá rí ń gbá mi lẹ́yìn. Alhamdulilahi, mò ń kí gbogbo èèyàn bí ẹni tó ń ṣègbéyàwó. Nígbà tí mo tún máa wò, àwọn yòókù ti ń jáde, Lásísì ṣì wà nínú omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú, ó gbé iwájú orí lé e. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, bàtà mi kún fún omi.

“Lásísì, ó tó. Jáde, òtútù á mú ọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti dì í mú.”

“Mo rí i. Gbogbo ayé rí i.”

“Mo fi Bọ̀ọ̀dá Sùlé sílẹ̀ síbẹ̀.”

Gbogbo ẹnu tí Ọlọ́hun fún mi, tí mo fi ń ta táyà fún ẹni tí kò ní mọ́tò, ohun kan ṣoṣo ló rí sọ. Mo ní, “Ìwọ kọ́ lo fi wọ́n sílẹ̀. Omi ló kúrò.” Mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí táìlì tútù, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi jáde.

Èyí tó wà nínú fọ́tò yẹn kì í ṣe ẹ̀rín, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó dáadáa.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ sí Ajax, yìnyín àkọ́kọ́ ọdún náà ti ń já bọ́. Lásísì jókòó síwájú, ó so wúrà mọ́ ọrùn nítorí pé Àmínà ní kò gbọdọ̀ bọ́ ọ. Ọmọ náà bi í pé èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. Mo ní kò sí owó nínú rẹ̀, irin yẹn náà ni. Ó ní, gbogbo wàhálà yìí, lásán? Ó ní ṣebí nígbà tí ẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ wa yanrìn nílé, wọ́n ń sanwó fún yín. Èló ni?

Mo mọ iye gbogbo nǹkan. Iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo wo ìta fèrèsé, mo fi í sílẹ̀ fún Lásísì.

Ó ní yanrìn ọjọ́ tí Sùlé kò yọ ti wà nínú ọkọ̀, ẹnì kan kò sì lè dà á padà sómi. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọlọ́kọ̀ tà á ní èbúté, ó pín in bí wọ́n ti máa ń pín in, ó sì gbé ìpín Sùlé wá fún ìyá wa. Ìgbà yẹn ni náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn àgbà ṣì ń ka pọ́n-ùn àti ṣílè. Ìyá kò ná an. Ó so ó mọ́ etí ìró, láti ìró kan dé òmíràn, títí ọjọ́ tí a tú ìró náà lára òun fúnra rẹ̀.

“Èló ni, Grandpa?”

Náírà mẹ́ta àti àádọ́ta kọ́bọ̀.